Okùn Ìdòwú Kò Tó Kànga

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ṣé ẹ ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ wa níbi tí ẹ sùn sí lábẹ́ ilẹ̀? Kànga yín ti ń gbẹ. Ẹrẹ̀ ló kún ìsàlẹ̀ rẹ̀, ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún yìí ò sì ṣàánú ẹnikẹ́ni ní Kétu. Ìdòwú, ọmọ mi tó ti ilé ìwé Àjàṣẹ́ dé, ló fẹ́ wọ̀ ọ́ lónìí láti kó ẹrẹ̀ náà.

Ìdí igi osè ni wọ́n máa so okùn mọ́, bí ẹ ṣe máa ń ṣe, torí etí kànga ń ya. Ìdòwú wọn ilẹ̀ lánàá: láti ìdí osè dé ìsàlẹ̀ kànga, mítà mẹ́fà sí ìlà-oòrùn, mẹ́jọ sí àríwá, mẹ́rìnlélógún sí ìsàlẹ̀. Ó sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po ara rẹ̀, ó ro wọ́n pọ̀, ó wá nọ́ńbà tí ìlọ́po ara rẹ̀ jẹ́ àròpọ̀ náà: mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ibẹ̀ ló gé okùn sí, ó wá fi díẹ̀ kún un fún ìdì. Èmi náà ṣe é bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Kò sí àṣìṣe.

Ìgbà tí mò ń bọ́jú láàárọ̀ ni mo rántí yín. Ẹ ó di orí okùn mú, ẹ ó rìn láti ìdí osè dé etí kànga, ẹ ó wúkọ́, kí ẹ tó so òkúta mọ́ ọn láti fi wọn jíjìn kànga. Bàbá, okùn wo ló ń gba inú ilẹ̀ kọjá? Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rin mítà mẹ́wàá lórí ilẹ̀ dé etí kànga kó tó sọ̀ kalẹ̀ mẹ́rìnlélógún: mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni gbogbo rẹ̀. Okùn Ìdòwú fi mítà mẹ́jọ kúrú!

Mo mọ ọmọ mi. Bí okùn bá tán, á gbà pé ẹrẹ̀ ti wà lábẹ́ ẹsẹ̀ òun, á tú ara rẹ̀ sílẹ̀ nínú òkùnkùn. Àná ló ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé ayé òmìnira la wà, kí n yé bẹ̀rù. Ṣé òmìnira ń dín jíjìn kànga kù ni?

Ó ti lọ pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní àdúgbò Òpómẹ́ta. Mo ti yọ okùn yín lórí àjà, mo fà á, ó ṣì le. Mo so ó mọ́ tirẹ̀, mo jókòó dè é. Ṣé kò ní tú u? Ṣé á gbọ́ tèmi?

Ẹ̀yin tí ẹ ti wà nísàlẹ̀, bí ó bá sọ̀ dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ má gbà á o. Ẹ tì í padà sókè sí mi.

Ọmọ yín, tó di okùn mú.