Àga Gbọọrọ Bàbá Mi Ti Ríbi Gbé

Igbó-Ọrà,
Oṣù Kẹfà, 1988.

Mùnírátù ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àtàwọn ọmọ, mo sì kí onílé yín ní Ìbàdàn tí kì í jẹ́ kí ẹ gúnyán bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Ọlọ́run á bá wa mú ọkàn rẹ̀ rọ̀. Ara èmi àti ìyá rẹ le, àfi orúnkún mi tó ń dún bí ilẹ̀kùn.

Òjò ti wó yàrá tí àga gbọọrọ bàbá mi wà. Àbúrò mi Sàlámì ní òun máa là á fi dáná gàrí. Igi ìrókò, Mùnírátù! Orí rẹ̀ ni bàbá mi wà tí wọ́n fi gbàdúrà fún wa lọ́jọ́ tí ìyá rẹ wọlé ìyàwó. Ìwọ náà sì ti ní yàrá yín ò gbà á.

Mo wá rántí báńkì. Wọ́n ní ohun téèyàn bá kó síbẹ̀ kì í sọnù, ó tún máa ń lé sí i, mo wá rò ó pé tó bá fi di ọdún tó ń bọ̀, wọn á ti fi àpótí ìjókòó kan tàbí méjì kún un. Dàda aládùúgbò wa fi ọmọlanke bá mi gbé e lọ. Máníjà dọ̀bálẹ̀ fún mi dáadáa, ó ní owó nìkan làwọn ń gbà. Mo ní ṣé owó wá ju ìrókò lọ ni?

Bí a ṣe ń padà, táyà ọmọlanke jò níwájú ilé ìwòsàn, la bá sọ àga kalẹ̀. Kí n tó wẹ̀yìn, àwọn aláboyún tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ti wá kún orí rẹ̀. Nọ́ọ̀sì Salome jáde, ó bi mí pé ṣé ìjọba ló fi ránṣẹ́. Mo ní rárá o, bàbá mi ni. Ó ní kí n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹnu mi ò gbà á láti sọ pé wọ́n ti kú, mo ní màá jíṣẹ́. Nígbà tí Dàda lẹ táyà tán, ó ní ká gbé e. Ọwọ́ mi ò lọ, la bá fi í sílẹ̀ fún wọn.

Àmọ́ ilé dá páro láìsí i. Lọ́jọ́bọ̀ mo lọ jókòó sórí rẹ̀ díẹ̀. Nọ́ọ̀sì mìíràn tí kò mọ̀ mí rò pé aláìsàn ni mí, ó fún mi ní káàdì, ó gbé mi sórí ìwọ̀n, ó ní kí n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Màá lọ. Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì jọ pé ẹ̀rín nìkan ni.

Bọ́wọ́ bá dẹ̀, fi owó fáníìṣì ránṣẹ́, òjò ń ta sí i lára. Bí o bá ń bọ̀ wá ṣọdún Iléyá, rí i pé o tètè dé, ká lè jọ lọ jókòó. Ibikíbi tí o bá wọ̀ láyé, Ọlọ́run á jẹ́ kí wọ́n sún fún ọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Àkíbù.