Bí Mo Ṣe Kọ́ Ẹ̀gbọ́n Láti Dáhùn Pé Èmi Ni

Màámi, ẹ kú ilé o, ẹ kú àárò wa. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Ìpọ̀nrí níbí. Ẹ bá mi bẹ Bàámi kí wọ́n má bínú mọ́ nítorí ọjọ́ tí mo fi ohùn Pásítọ̀ pe ìpàdé ẹgbẹ́ màmá lórí fóònù.

Òjò ò jẹ́ ká gbádùn níbí. Iṣẹ́ irun tí mo ń kọ́ ń lọ, ṣùgbọ́n mi ò rẹ́ni bá ṣeré, torí Ẹ̀gbọ́n kì í tètè ti ọsibítù dé. Àárò yín ń sọ mí gan-an.

Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ abẹ ọkàn àti àyà ni Ẹ̀gbọ́n ń ṣe. Owó ìwádìí kan wà fún àwọn dókítà bẹ́ẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ fi wádìí bóyá fífẹ́ bàlúùnù lè mú kí ọmọ tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ àyà fún tètè mí dáadáa. Àwọn fúnra wọn ló ronú ẹ̀, àwọn ló ń ra bàlúùnù. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó kọjá, nígbà tí ìgbìmọ̀ tó ń fúnni lówó náà bi wọ́n pé ta ló ni iṣẹ́ náà, ẹ̀kọ́ ilé tí ẹ kọ́ wọn ò jẹ́ kí wọ́n lè fọ́nnu níwájú àgbà. Wọ́n ní ọ̀gá àwọn ní ọsibítù ni. Ìgbìmọ̀ ní kí ọ̀gá wá gbowó nígbà náà. Ọ̀gá sì ti hewú, kì í ṣe ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Bí owó ṣe lọ nìyẹn. Ọdún yìí ló sì kẹ́yìn tí ọjọ́ orí Ẹ̀gbọ́n ṣì gbà wọ́n láyè.

Ni mo bá sọ ara mi di ìgbìmọ̀. Mo wọ kóòtù Ẹ̀gbọ́n, mo fi gíláàsì sí góńgó imú, mo húkọ́ bíi Pùròfẹ́sọ̀ olórí ìgbìmọ̀ tí mo gbọ́ nínú kọ̀ǹpútà lọ́dún tó kọjá. Mo ń bi wọ́n pé ta ló ni iṣẹ́ náà. Bí Ẹ̀gbọ́n bá ti ní "Ọ̀gá wa," màá lé wọn lọ fọ abọ́. Màámi, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mi ò fọwọ́ kan abọ́.

Nígbà tó dọjọ́ náà, ìgbìmọ̀ yọ lójú kọ̀ǹpútà ní pálọ̀ wa, èmi wà lẹ́yìn kọ́tìnì. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé ọ̀gá Ẹ̀gbọ́n gan-an á jókòó ti ìgbìmọ̀. Pùròfẹ́sọ̀ bi Ẹ̀gbọ́n pé ta ló ni iṣẹ́ yìí. Ẹ̀gbọ́n wo ọ̀gá, wọ́n wolẹ̀, wọ́n ní àwọn ni. Pùròfẹ́sọ̀ ní kí wá ni ọ̀gá ṣe níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ mi ti wọ Ẹ̀gbọ́n lára jù: wọ́n ní ọ̀gá ò ṣe nǹkan kan.

Mo ní mo ti kó bá wọn. Ọ̀gá bọ́ gíláàsì, wọ́n ní, "Òótọ́ ni. Mo tiẹ̀ ní kó kó bàlúùnù yẹn dànù. Ó kọ̀."

Ẹ̀gbọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja, débi pé ìgbìmọ̀ ò rí wọn mọ́ lójú kọ̀ǹpútà. Ilẹ̀ níbẹ̀ náà ni wọ́n wà tí Pùròfẹ́sọ̀ fi ní àwọn fún wọn lówó náà.

Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́ jẹun ọmọ. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé.

Èmi ni ọmọ yín,
Bọ́sẹ̀