Kọ̀, Kọ̀, Kọ̀ Lábẹ́ Adúmáadán

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìlá oṣù Karùn-ún, 2025

Munirat, kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Má tún un ṣe. Ìwọ lọmọ mi tó mọ̀wé, èmi ni mo ni ọ̀rọ̀.

Wọ́n gbá mi lónìí. Ní ìyànà Dópẹ̀mù, lójú mọmọ. Mo ń yà sí òsì jẹ́ẹ́jẹ́, bí mo ṣe máa ń yà á láti ọjọ́ tí Adúmáadán ti wà lọ́wọ́ mi — ọkọ̀ Pijó dúdú tí iléeṣẹ́ fà lé mi lọ́wọ́ nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún tí mo fi wakọ̀ fún wọn ní Ìkẹjà. Ọmọkùnrin kan tó ń fi bọ́ọ̀sì kó búrẹ́dì ló fẹ̀gbẹ́ gbá mi. Iná iwájú fọ́. Bọ́dì wọnú. Wahab lorúkọ rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, ó dìde, ó ní, "Baba, ẹ má bínú o, ẹ̀yin lẹ rọ́ lù mí. Mo wà ní àyè mi."

Èmi. Ọmọ tí mo lè bí bàbá rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ ni mo mú un lọ tààrà, Alhaja Sùlíyá tó ni ilé búrẹ́dì lẹ́yìn ojú irin ní Agége. Mo rò ó lójú gbogbo àwọn tó ń po ìyẹ̀fun. Alhaja ò bi ọmọ náà ní ìbéèrè kan. Ó ní baba tó hewú tó báyìí ò ní wá purọ́ mọ́ ọmọdé. Ó gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ Wahab, ó ní kó máa lọ sílé títí òun yóò fi ránṣẹ́ sí i.

Ó tọ́ sí i.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàlá

Adúmáadán ń dún. Kọ̀, kọ̀, kọ̀ — iwájú, lápá òsì. Kò dún bẹ́ẹ̀ rí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo gbé e lọ fún Quadri, mẹkáníìkì wa. Dókítà ni mo ń pè é, nítorí ẹnu rẹ̀. Ó wà á dé Akówónjọ, ó wà á padà, ó ní òun ò gbọ́ nǹkan kan. Ó wá mú kọ̀ǹpútà kékeré kan jáde tí wọ́n fi ń yẹ ọkọ̀ wò. Ó wá ibi tí yóò kì í bọ̀, wá, wá, kò rí. Mo ní, ta ló sọ fún ọ pé ibẹ̀ wà? Wọ́n ti ṣe ọkọ̀ yìí kí wọ́n tó bí kọ̀ǹpútà rẹ.

Ó wá rọra sọ fún Munirat pé etí àgbà a máa dún fúnra rẹ̀ nígbà mìíràn. Ó rò pé mi ò gbọ́.

Munirat, o rẹ́rìn-ín. Kọ ọ́ pé o rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mo fi ìbínú ro oko ẹ̀fọ́ ẹ̀yìnkùlé. Orí ọkọ́ mi ń mì, ó ń ró ní gbogbo ìgbà tí mo bá gbé e sọlẹ̀. Mo gé rọ́bà táyà kẹ̀kẹ́, mo so ó bí bàbá mi ṣe kọ́ mi lóko lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́: wé e lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ti orí rẹ̀ bọ abẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí o fà á le. Kókó alágídí ni mo ń pè é. Kò sí ẹlòmíràn ládùúgbò yìí tó mọ̀ ọ́n ta. Ọkọ́ náà dákẹ́.

Ìyàwó Wahab wá, tòun tọmọ lẹ́yìn. Ó kúnlẹ̀. Ó ní ọkọ òun ń wo ògiri látàárọ̀ dalẹ́. Alhaja sì ti sọ pé bí ọ̀rọ̀ yìí ò bá yanjú, òun yóò fa bọ́ọ̀sì náà lé awakọ̀ mìíràn lọ́wọ́ ní Àbámẹ́ta tó ń bọ̀. Mo ní ọkọ rẹ̀ ló fi ariwo sínú ọkọ̀ mi. Bí ariwo bá jáde, kó wá bá mi sọ̀rọ̀. Ó dìde. Ọmọ tó pọ̀n ń rẹ́rìn-ín sí mi bí wọ́n ṣe ń lọ. Ìyẹn náà bí mi nínú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ogúnjọ́

Mẹkáníìkì mẹ́ta. Ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀kù ni. Ọ̀kan ní sàláńsà ni. Ẹ̀kẹta ò gbọ́ nǹkan kan títí mo fi nàka síbẹ̀. Bí mo ti nàka báyìí, ó ní òun ti gbọ́ ọ. Òpùrọ́.

Munirat ní kí n ta ọkọ̀ náà. Mo ní kó ta etí mi mọ́ ọn.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlélógún

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ mo yọ ẹ̀rú ọkọ́ mi, mo gbé e lọ sí ọgbà Quadri. Bí bàbá mi bá dé ẹnu ihò òkété, á ti igi bọ̀ ọ́, á fi etí lé orí igi. Á sọ fún ọ bóyá onílé wà nílé. Àwọn tó wà lọ́gbà fi mí ṣẹlẹ́yà. Mo ní kí Quadri gbé ọkọ̀ sókè, kó máa yí sítíárìn díẹ̀díẹ̀. Mo fi igi kan ibí, mo fi kan ọ̀hún. Ibi kẹta, ariwo náà kàn mí lágbárí.

Mo na igi sí Quadri. Ó fetí sí i. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Baba, ẹ dárí jì mí." Mo ní kó tú u, kí Alhaja wá wo ohun tí awakọ̀ rẹ̀ ṣe.

Ó tú u. Oríkèé irin tó so táyà mọ́ sítíárìn ni. Ó ń mì bí eyín arúgbó. Ó gbé ibi tó là sójú oòrùn: ìpẹtà pọ́n nínú rẹ̀ wá dé òde. Mo mọ irin. Èyí tó là lọ́sẹ̀ tó kọjá á máa dán.

Rọ́bà táyà kẹ̀kẹ́ kan so mọ́ ọn, ó ti já ní ẹ̀gbẹ́ kan. Quadri ní irú mẹkáníìkì burúkú wo ló so èyí, kó má baà dún? Ó gbìyànjú láti tú kókó rẹ̀. Kò lè tú u.

Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wé lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Orí rẹ̀ bọ abẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Quadri rọra ní, irin tó bá ti rí báyìí, Baba, tí ẹ bá ń yà sí òsì, ọkọ̀ á máa fà yín bọ́ sí àyè ẹlòmíràn.

Munirat, o ti dáwọ́ ìwé kíkọ dúró. Máa kọ ọ́. Ìgbà ọyẹ́ tó kọjá ni. Ó dún nígbà náà. Mo so ó. Ó dákẹ́. O bi mí bóyá mo ti gbàgbé ni. Kọ ọ́ pé mi ò mọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Mo fi ẹsẹ̀ rìn dé ilé búrẹ́dì. Alhaja mú mi wọ yàrá, mo jẹ́wọ́ fún un. Ó ní òun yóò dá Wahab padà wọ́ọ́rọ́wọ́, kò yẹ kí àgbà dójú ti ara rẹ̀. Mo ní rárá. Ibi tí mo ti fẹ̀sùn kàn án ni n ó ti mú ẹ̀sùn náà kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ó ránṣẹ́ pe Wahab. Mo gbé irin náà àti rọ́bà rẹ̀ lé orí tábìlì tí wọ́n ti ń po ìyẹ̀fun, mo sì rò ó. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Mo dúró kó rín in tán.

Wahab dọ̀bálẹ̀ kí mi bí ti àkọ́kọ́. Mo ní, "Dìde. Èmi ni mo rọ́ lù ọ́."

Ó ní, "Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, Baba." Alhaja fún un ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Ó gbé mi délé. Ìyànà Dópẹ̀mù la gbà. Bí mo ṣe fẹ́ sọ̀kalẹ̀, ó ní òun gbọ́ pé gbogbo ọgbà Quadri ló ń sọ̀rọ̀ etí mi, ṣé ọkọ̀ tòun ò dún? Mo ní ó ń dún díẹ̀, táyà ẹ̀yìn, lápá ọ̀tún. Ó gbà pẹ̀lú mi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó ní ó ti yé òun.

Mo di ilẹ̀kùn mú. Mo ní kó gbé e lọ fún Quadri, kó tú u wò. Kó má gbà á nítorí pé èmi ni mo sọ ọ́.