Ọjọ́ Tí Mo Wa Bàṣé Mi Gba Etí Òkun

Adja-Ouèrè,
Ọjọ́ Ẹtì.

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, Ṣàfíù,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àti gbogbo ará ilé rẹ ní Libreville. Ṣé ara yín le? Ara tèmi le ju ti àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa lọ, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Èmi fúnra mi ni mo fi ọwọ́ mi kọ èyí. O mọ̀ pé n kò pẹ́ nílé ìwé, ṣùgbọ́n àwọn tó pẹ́ níbẹ̀ ní ń wá yá ọkọ̀ lọ́wọ́ mi.

Làtífátù àbúrò rẹ ti bí ọmọbìnrin. Ìyá rẹ ti lọ bá wọn ní etíkun láti máa wẹ ọmọ. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́: kí ọmọ náà jẹ́ orúkọ ìyá mi, Oyèfúnkẹ́, tó ń ru epo lórí wá tà láti Massè títí ó fi tọ́ mi dàgbà. Ghislain ọkọ rẹ̀ gbà, ṣùgbọ́n ó ní bàbá òun, Félicien, sọ pé nílé àwọn, bàbá ìyá tí kò bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ débẹ̀ lọ́jọ́ náà kò ní orúkọ í sọ. N kò tíì rí bàbá yìí rí. Nígbà tí wọ́n wá tọrọ Làtífátù, ó ń pẹja ní Pointe-Noire, àbúrò rẹ̀ ló rán wá.

Mo di àgbò kan àti iṣu sẹ́yìn bàṣé mi, ọkọ̀ akẹ́rù tí o mọ̀ yẹn, mo gba Àjàṣẹ́, mo gba Kútọnú, mo kọjá Wídà, ọ̀nà ọlọ́dà tán. Àwọn kan ní kí n fi ọkọ̀ sílẹ̀, kí n gun alùpùpù sẹ́míjàn dé abúlé náà. Mo fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi tí mò ń la ẹrẹ̀ dúdú Tatonnonkon kọjá nígbà òjò!

Ṣàfíù, mo gun òkìtì iyanrìn kan, mo sì rí òkun. Ní Kútọnú, mo ti máa ń rí i fìrí láàárín ilé. Ìyẹn kì í ṣe òkun. Mo pa ẹ́ńjìnì. Omi náà kò ní òdìkejì. Ó ń dìde bí ẹni pé ilẹ̀ ń mí, ó ń wó lulẹ̀, ariwo rẹ̀ sì ń wọ̀ mí láyà. Àgbò tó ti ń ké láti Pobè dákẹ́.

Nílé wa, ibi tó bá tutù ní í gbé ọkọ̀ mì, ibi gbígbẹ là ń tọ̀. Nítorí náà mo sá fún etí omi, mo tọ iyanrìn gbígbẹ lábẹ́ àwọn igi àgbọn. Táyà rì. Mo tẹ iná mọ́ ọn bí a ṣe ń ṣe nínú ẹrẹ̀, ó rì títí ikùn ọkọ̀ fi jókòó. Oòrùn ń gòkè, òkun ń sún mọ́ mi, mo sì ń ronú ọmọ tí wọ́n ń sọ lórúkọ láìsí mi.

Níwájú mi, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ń fa okùn àwọ̀n láti inú òkun, wọ́n ń kọrin. Mo ké sí wọn ní èdè Gùn pé kí wọ́n wá gbé mi, pé èèyàn pàtàkì ni mí. Àgbà kúkúrú kan tó nírùngbọ̀n funfun kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Ó ní: “Èèyàn pàtàkì, àwọ̀n ṣì wà lómi, kò sẹ́ni tó máa fi okùn sílẹ̀. Wá bá wa fà á!” Mo ní ṣé kò rí ọkọ̀ mi ni? Ó ní: “Mo rí i. Ó jókòó bí adìyẹ tó ń sàba.” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Mo bọ́ bàtà, mo ká ṣòkòtò, mo fà. Mo sì fà á dáadáa, bi wọ́n bí o bá débẹ̀. Ó dà bí ẹni pé òkun fúnra rẹ̀ ló di ìdí okùn mú. Nígbà tí àpò àwọ̀n yọ, tí ẹja ń tàn, tí wọ́n ń ta, mo kígbe bí ọmọdé. Lẹ́yìn náà, wọ́n dín afẹ́fẹ́ táyà mi kù, wọ́n fi okùn kan náà fa ọkọ̀ dé etí omi gan-an. Ẹ̀rù bà mí. Àgbà náà jókòó tì mí, ó ní: “Ibi tó tutù ni kí o máa tọ̀.” Iyanrìn tútù náà le bí ọ̀dà! Òkun ń fọ táyà mi lápá òsì, à ń sáré lọ.

Mo bi í pé níbo ló ń kánjú lọ. Ó ní: “Ọmọ ọmọ mi là ń sọ lórúkọ lónìí. Ẹja àsè la ṣẹ̀ṣẹ̀ fà yẹn. Bàbá ìyàwó kan là ń retí, wọ́n ní ó lẹ́nu.” Ṣàfíù, díẹ̀ ló kù kí n wa ọkọ̀ sínú òkun. Félicien, àna mi, nìyẹn!

Bí a ti débẹ̀, ó bu ẹja sínú abọ́ ńlá fún mi, ó ní ẹnikẹ́ni tó bá fa okùn ní ìpín. Ó gbé ọmọ lé mi lọ́wọ́, ó ní: “Ìpín rẹ nìyí náà. Pè é.” Inú omi ni wọ́n ti ń sọ ọmọ lórúkọ nílé wọn. Èmi tó sá fún ibi tútù láàárọ̀, omi dé mi lórúnkún. Mo pe Oyèfúnkẹ́. Ariwo òkun gbé e mì, ohùn mi tí gbogbo ọjà Adja-Ouèrè mọ̀! Mo fi gbogbo agbára mi tún un pè. Ìgbì kan dìde, ó kan àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ náà, ó padà. Ọmọ náà lajú, ó wò mí. Ìyá mi kò rí òkun títí ó fi kú. Ní báyìí, òkun ti gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ ọ níbi tí o wà, kí ó fi èrè sí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, kí o sì padà wá bá mi láyọ̀.

Èmi ni bàbá rẹ tó ń fi ọ́ yangàn,
Fàtáì Àkànmú.

Àfikún: Mo ti fọ iyọ̀ kúrò lára bàṣé kó má baà jẹ irin rẹ̀. Ṣùgbọ́n iyanrìn tó wà lábẹ́ ìjókòó, mo ní kí ẹnikẹ́ni má gbá a. Bí Fábíyì aládùúgbò wa bá pè ọ́ láti bèèrè bóyá ọkọ̀ mi há, sọ fún un pé àwọ̀n ni bàbá rẹ lọ fà.