Àwọ̀n Tí Mo Tú

Sátidé, ìrọ̀lẹ́



Nínú gbogbo ẹ̀yìnkùlé wa l'Ókèrèwè, ẹ̀gbẹ́ sàréè bàbá ọkọ mi nìkan ló tẹ́jú. Ibẹ̀ la gbé tranpolíìnì tí àwọn ọmọ ń fò lórí rẹ̀ sí. Etí sìmẹ́ǹtì sàréè yẹn ń bà mí lẹ́rù, àmọ́ Màmá ọkọ mi ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa ṣeré lọ́dọ̀ bàbá wọn àgbà." Mo gbà. Ṣebí èyí tó ní àwọ̀n yíká ni mo yàn.

Lọ́sàn-án yìí, Dámi, àbíkẹ́yìn mi, fò, ó sì já bọ́ síta. Díẹ̀ báyìí ló kù kí orí rẹ̀ gbá sìmẹ́ǹtì. Ọmọ náà tún ń rẹ́rìn-ín!

Màmá kúnlẹ̀ níwájú sàréè. "Bàbá, ẹ ṣé o. Ẹ̀yin lẹ bá wa gbà á."

Ọkọ mi bi mí pé ta ló tú àwọ̀n. Mo ní afẹ́fẹ́ ni.

Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ni àwọ̀n náà wà báyìí. Mo tú u láti fi bo èlùbọ́ tí mo sá, nítorí adìyẹ.

Bàbá nìkan ni wọ́n wà níbẹ̀ nígbà tí mo ń tú u láàárọ̀.