Ẹ Bá Wa Pe Bàbá Kí Bùrọ̀dá Tó Gun Òrùlé

Àǹtí mi,

Ẹ kú àárò wa o. Màmá ń kí yín, orúnkún wọn ti rọ̀. Bàbá náà ń kí yín, ẹnu wọn ni kò tíì rọ̀.

Ọ̀rọ̀ Bùrọ̀dá káfíńtà ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé. Ọgbẹ́ orí tó fara gbà nígbà tó já bọ́ lórí àkàbà ti jinná, ṣùgbọ́n ariwo ń dà á láàmú, òòyì sì ń kọ́ ọ. Nọ́ọ̀sì ní kó máa sinmi kí orí tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ. Tó bá ti gbàgbé, èmi á fi ohùn nọ́ọ̀sì pè é: "Ọ̀gá káfíńtà, ẹ gbé òòlù yẹn sílẹ̀!" Á rẹ́rìn-ín, á lọ dùbúlẹ̀. Ara rẹ̀ ti ń balẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Àmọ́ Bàbá ò rí egbò mọ́, wọ́n ní ọ̀lẹ ni. "Ọwọ́ ló fi ń kan ìṣó, kì í ṣe orí!" Wọ́n ní dandan, á gun òrùlé lọ́jọ́ Ajé. Tí òòyì bá kọ́ ọ lókè níbẹ̀, ta ló máa dì í mú?

Ẹ̀yin nìkan ni Bàbá ń gbọ́ tiyín. Mo fi ohùn yín bẹ̀ wọ́n láti ẹ̀yìn fèrèsé, wọ́n ní, "Wọlé wá jẹun, ìwọ ọ̀bọ yìí." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fúnra yín pè wọ́n.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ìròyìn burúkú lẹ́nu mi, ohùn yòówù kí n fi sọ ọ́.

Àbúrò yín, aláwàdà.