Ta Ló Wa Campervan Délé?

Ọjọ́ Àìkú, oṣù kẹjọ, 2016

A ti padà délé wa ní Thamesmead, ní London, láti Scotland tá a gbé campervan lọ, ọkọ̀ ńlá tó ní ibùsùn àti ilé ìdáná nínú. Apá ń ro mí. Lọ́jọ́ kejì tá a dé Scotland ni ẹ̀yìn Daddy Ṣadé gan, wọn ò lè wakọ̀ mọ́. Èmi tí mi ò wa mọ́tò kọjá Plumstead Common nítòsí ilé wa rí ni mo gba kọ́kọ́rọ́.

"Ṣé wàá lè ṣe é?"

"Ẹ ṣáà máa gbàdúrà."

Mo gbàgbé láti ti kọ́bọ́ọ̀dù, gbogbo abọ́ dà sílẹ̀. Àwọn awakọ̀ tó wà lẹ́yìn wa ń fun fèrè. Mo páàkì, mo sunkún díẹ̀, mo ti kọ́bọ́ọ̀dù, mo tún gbéra. Mi ò sáré nítorí fèrè ẹnikẹ́ni mọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ yìí, Daddy ń sọ fún Ṣadé ọmọ wa lórí fóònù pé àwọn ló wà á délé. Mo gba fóònù náà.

"Má dá Daddy ẹ lóhùn. Èmi ni mo wà á."